Obìnrin Tó Jókòó sí Ojú Kejì Maikirosikóòpù

Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní irọ́, kó máa pè é bẹ́ẹ̀. Mi ò fi tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọkọ mi pàápàá ò tíì gbọ́ ọ tán. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ojú ara mi ló rí i, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí mo ti jẹun yó, tí awò mi wà lójú mi, tí ara mi sì dá ṣáṣá.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, torí mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ lọ́kàn wọn pé obìnrin tí kò rí oorun sùn ló ń sọ̀rọ̀. Dókítà ni mí, kọnsọ́táǹtì, ní ọsibítù ńlá kan l'Ábújá tí mi ò ní dárúkọ. Ọmọ mi àgbà ò tíì wọ ilé ìwé nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, òun náà ti bímọ báyìí. Mo ti la òkú débi pé mi ò ka iye wọn mọ́. Mo ti jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì nínú yàrá tó kángun sí mọ́ṣúárì, mo sì lá ọwọ́ mi lẹ́yìn ẹ̀. Òkú ò bà mí lẹ́rù rí. Àwọn alààyè tó ń wakọ̀ lọ́nà Lugbe láàárọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù.

Tí mo bá sọ iṣẹ́ mi fún èèyàn, òkú nìkan ni wọ́n máa ń rò. Òkú kéré nínú ohun tí à ń ṣe. Ẹran ara àwọn tó wà láàyè ló pọ̀ jù: kókó tí wọ́n gé lára ọmú, lára ọrùn, nínú ikùn. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú fọ́málìn, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, wọ́n á gbé e wá sí láàbù wa, a ó fi ìda yíyọ́ bò ó kó lè le, a ó wá gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, yóò fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Èyí tí a gé yẹn, a ó tẹ́ ẹ sójú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó lè nà, ká tó fi gíláàsì pẹlẹbẹ gbé e. Síláìdì ni à ń pe gíláàsì náà. Wọ́n á pa á láró, wọ́n á gbé e fún mi, èmi á sì fi maikirosikóòpù wò ó.

Ohun tí mo bá kọ sínú èsì ni dókítà oníṣẹ́ abẹ máa gbà gbọ́. Aláìsàn ò mọ̀ mí, èmi náà ò mọ̀ ọ́n, orúkọ ẹ̀ àti ẹran ara ẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Aláìsàn kankan kì í wá sí ọ́fíìsì mi.

Nǹkan kan wà tí gbogbo àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń bẹ̀rù. Omi tí a ń tẹ́ ẹran lé yẹn, bí wọn ò bá pààrọ̀ ẹ̀, èérún ẹran ẹni tó ṣáájú lè léfòó síbẹ̀, kó sì lẹ̀ mọ́ síláìdì ẹni tó tẹ̀lé e. Bó bá jẹ́ pé èérún ọ̀hún ní jẹjẹrẹ, wàhálà ti dé nìyẹn. Wọ́n lè gé ọmú ẹni tí nǹkan kan ò ṣe sọnù nítorí àìsàn ẹlòmíì. "Àtọ̀húnrìnwá" ni Álfà Mùdáṣírù máa ń pe irú èérún bẹ́ẹ̀. Álfà yìí, ọmọ Ìlọrin ni, òun ni ọ̀gá àwọn tó ń gé ẹran ní láàbù wa, èèyàn jẹ́jẹ́ tó máa ń fọ ọ̀bẹ ẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣe àlùwàlá fún un.

Mo ti rí i ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, níbòmíì. Wọ́n ti gé ọmú obìnrin kan tán kí wọ́n tó mọ̀. Ọ̀gá mi ò jẹun fún ọjọ́ méjì. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù àtọ̀húnrìnwá ti wọ egungun mi, ẹ̀rù ọ̀hún sì wà lára ohun tó ṣe mí léṣe nígbẹ̀yìn.

Kì í ṣe pé ó ṣòroó dá mọ̀ o. Etí síláìdì ló sábà máa ń wà, á dá dúró lọ́tọ̀. Torí pé orí ẹran tòótọ́ ló gùn lé, bí ojú ẹni bá ń rí ti ìsàlẹ̀ kedere, tòkè á máa ṣe bàìbàì. Ẹni tó bá ti lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa mọ ìyẹn.

Ó wá di ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà ọyẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti kéde pé ìyanṣẹ́lódì á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí nǹkan wa ṣe rí, láti ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ti fi àgádágodo ẹgbẹ́ ti ilẹ̀kùn láàbù. Álfà kó síláìdì tó kù fún mi kí wọ́n tó tì í. Ó ní òun ń lọ kírun Jímọ̀, láti mọ́ṣáláṣí òun á wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin. Ó kí mi pé ó dìgbà, ó lọ. Gbogbo kọ́rídọ̀ dá páropáro.

Láti àárọ̀ ni Dókítà Kọ́lá, ọmọ Èkìtì kan tó ń ṣiṣẹ́ abẹ lọ́dọ̀ wa, ti ń pè mí. Obìnrin kan wà nílẹ̀ tó ń jẹ́ Fúnmiláyọ̀, tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Karu, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́ta, tí èyí àbíkẹ́yìn ṣì ń mu ọmú. Kókó wà lọ́mú òsì ẹ̀. Kọ́lá ní òun ti bá àwọn nọ́ọ̀sì sọ ọ́, wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kí ìyanṣẹ́lódì tó wọlé, bí èsì mi bá ṣáà ti jáde. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, tí wọn ò sì gé e ní Sátidé yẹn, Ọlọ́run nìkan ló mọ ìgbà tí wọ́n á tún ráyè.

Mo gbé síláìdì Fúnmiláyọ̀ sábẹ́ maikirosikóòpù. Ọ̀kan tó wà lọ́fíìsì mi ní ojú méjì, ọ̀kan fún èmi, ọ̀kan níwájú mi lọ́hùn-ún fún àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́, kí àwa méjèèjì lè jọ wo nǹkan kan náà. Iná kékeré kan tó rí bí ọfà wà nínú ẹ̀, aláwọ̀ ewé, tí mo máa ń fi tọ́ka sí ohun tí mo bá fẹ́ kí wọ́n rí. Ohun tí wọ́n fi ń darí ọfà náà, apá ọ̀dọ̀ mi ló wà. Ẹni tó bá jókòó lọ́hùn-ún ò lè fọwọ́ kàn án.

Jẹjẹrẹ ni. Mi ò ní fi pa mọ́ fún yín, mi ò tiẹ̀ ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí létí síláìdì, àárín ẹran gangan ló wà, ó ti ta gbòǹgbò wọnú ọ̀rá. Kò ṣe bàìbàì. Mo ṣàánú ẹ̀, mo ní, "Ìyá ọmọ, pẹ̀lẹ́ o," mo sì tẹ èsì náà sórí kọ̀ǹpútà. Ó ku kí n buwọ́ lù ú. Mo tún fi ojú sí maikirosikóòpù, torí àṣà mi ni pé mo máa ń wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó buwọ́ lu ohunkóhun.

Ìgbà yẹn ni ẹnì kan wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà."

Ohùn ẹ̀ rọlẹ̀, bí ohùn ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́yìn ẹ̀. Mo dáhùn láì gbójú sókè, ìwà kan tí ìyá mi bá mi jà lé lórí títí ó fi kú. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbálẹ̀ ni, tàbí ẹbí aláìsàn kan tó ṣìnà. Mo gbọ́ tí wọ́n fa àga tó wà lọ́hùn-ún, mo gbọ́ ìró aṣọ. Òórùn káńfò bo yàrá.

Mo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé ta ló ń wá. Ojú mi ṣì wà lórí síláìdì.

"Ara mi ni mò ń wá."

Ẹ gbà mí gbọ́, títí dìgbà yẹn, ẹ̀rù ò tíì bà mí. Mo ní kí n sọ fún un pé wọ́ọ̀dù wà nísàlẹ̀. Àmọ́ ọfà tó wà nínú maikirosikóòpù bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọwọ́ mi kan wà lórí tábìlì, èkejì di bírò mú. Ọfà náà rọra kọjá lórí ẹran tó mọ́, ó kọjá lórí ọ̀rá, ó dé orí jẹjẹrẹ yẹn, ó dúró síbẹ̀.

"Tèmi nìyẹn," ló wí. "Rísíkátù, ti Zuba. Wọ́n dà mí pọ̀ mọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ mí mọ́ ọn lọ́rùn."

Mo gbé orí sókè.

Mo mọ̀ pé nínú ìtàn mìíràn, á ti pòórá. Kò pòórá. Ó jókòó síbẹ̀, obìnrin tó ti kọjá àádọ́ta ọdún, tó fi aṣọ funfun borí, ojú ẹ̀ wà níbi tí wọ́n ń fi ojú sí. Òwú wà nínú ihò imú ẹ̀ méjèèjì. Mo ti rí òwú bẹ́ẹ̀ nímú èèyàn láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n ìdùbúlẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń wà. Mo wo àyà ẹ̀, torí iṣẹ́ mi nìyẹn, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò nìyẹn. Kò mí.

Fóònù mi dún. Mo wo fóònù, mo sì tún wo àga. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́. Àga náà wà ní fífà sẹ́yìn, káńfò ṣì ń rùn, mo sì fi ojú sí maikirosikóòpù, ọfà náà ṣì wà níbi tó gbé e sí.

Kọ́lá ló ń pè. Mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo pa fóònù náà.

Mo ṣí ìwé tí a fi ń kọ orúkọ. Rísíkátù wà níbẹ̀. Ọmú. Ó ń ta ọsàn ní ọjà Zuba. Orúkọ ẹ̀ ló ṣáájú ti Fúnmiláyọ̀ gẹ́lẹ́, ọjọ́ kan náà, omi kan náà. Mi ò tíì wo síláìdì tiẹ̀ rárá. Mo pe wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì tó gbé e sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ní màmá yẹn ti kú láàárọ̀ kùtù, àwọn ọmọ ẹ̀ ti gbé e lọ, wọ́n á ti sin ín báyìí, ẹ mọ̀ pé Mùsùlùmí ni wọ́n. Mo gbé síláìdì Rísíkátù sábẹ́ maikirosikóòpù. Jẹjẹrẹ ni, ó sì jọ èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yẹn bí ìbejì.

Kí lẹ̀yin ì bá ṣe? Ẹ má kánjú dáhùn.

Gbogbo ohun tí mo kọ́ ló ń sọ fún mi pé ti Fúnmiláyọ̀ ni. Àárín ẹran ló wà. Ojú mi rí i. Ṣùgbọ́n mo ń rántí ọ̀gá mi tí kò jẹun fún ọjọ́ méjì, mo ń wo àga tó ṣófo, mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé kí ni òkú fẹ́ fi irọ́ ṣe? Ẹni tí wọ́n ti sin, tó ṣì kúrò nínú ilẹ̀ torí ọmú obìnrin ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀, ta ni mí tí mi ò ní gbọ́ràn sí i lẹ́nu?

Mo pe Kọ́lá padà.

"Kọ́lá, má ṣe é."

"Kí lẹ rí, Mà?"

Mo purọ́ fún un. Mo ní etí síláìdì ni jẹjẹrẹ yẹn wà, ó ṣe bàìbàì, mo fura pé àtọ̀húnrìnwá ni, àfi ká tún un gé. Ó rán mi létí pé wọ́n ti ti láàbù. Mo ní mo mọ̀. Ó ní bí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀, kò lè gbé ọ̀bẹ. Ó fọkàn tán mi, ọmọ náà. Mo pa èsì tí mo ti tẹ̀ rẹ́, mo kọ òmíràn, mo buwọ́ lu ìyẹn.

Wọ́n sọ fún Fúnmiláyọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn pé iyèméjì wà nínú àyẹ̀wò ẹ̀. Iyèméjì ni wọ́n wí, ìwòsàn ló gbọ́. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì wọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Karu pé dókítà ti gbé ọ̀bẹ sókè kí Olúwa tó di ọwọ́ ẹ̀ mú. Kọ́lá ló ròyìn gbogbo ẹ̀ fún mi. Ó ní òun pè é lọ́pọ̀ ìgbà kó jẹ́ káwọn tún gé díẹ̀ lára kókó náà lọ yẹ̀ wò níbòmíì, obìnrin náà sì dá òun lóhùn pé èèyàn kì í tún yẹ iṣẹ́ Ọlọ́run wò. Nígbà tó yá kò gbé ìpè mọ́.

Ìyanṣẹ́lódì gba ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí láàbù, mi ò tíì gbé báàgì mi sílẹ̀ tí mo ti ní kí Álfà wá ẹran Fúnmiláyọ̀ jáde. Ó gé e. Ó gé e jìn sí i. Ó gé e títí ìda fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo wo síláìdì mẹ́jọ. Jẹjẹrẹ wà nínú gbogbo ẹ̀, kò sí ọ̀kan tó mọ́. Kò wá láti ibì kankan. Tiẹ̀ ni.

Mo sọ ohun tí mo rí lọ́jọ́ Ẹtì yẹn fún Álfà. Òun nìkan ni mo sọ ọ́ fún nígbà yẹn, torí mo fẹ́ gbọ́ kó sọ pé òun ò pààrọ̀ omi lọ́jọ́ yẹn. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi Ọlọ́run búra pé òun pààrọ̀ ẹ̀ láàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì, òun fúnra òun, torí iṣẹ́ ò pọ̀. Nígbà tí mo dé ibi káńfò, ó gbé ọ̀bẹ ọwọ́ ẹ̀ kalẹ̀. Ó ní káńfò ni wọ́n máa ń po mọ́ omi ìkẹyìn tí wọ́n fi ń wẹ òkú.

Mo bi í pé kí ló wá dé tí obìnrin yẹn fi wá parọ́ fún mi.

"Kò dájú pé irọ́ ló pa, Mà," ni Álfà wí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yọ sétí mi. "Òkú pàápàá lè ṣi nǹkan mọ̀."

Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo wa la gbà pé ẹni tó bá ti kú ti mọ gbogbo nǹkan. Bóyá ó ń wá ara ẹ̀ lóòótọ́, ó rí ohun tó jọ ọ́, ó ní tòun ni. Bóyá èérún tiẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí ojú mi ò rí. Tàbí ó mọ ohun tó ń ṣe, ó ń wá ẹni tí wọ́n á jọ máa lọ. Mi ò mọ̀. Mo ti yí i síwá sẹ́yìn, mi ò mọ̀.

Mo fi èsì tòótọ́ ránṣẹ́ sí Kọ́lá, ó tún pe Fúnmiláyọ̀ títí, kò gbé e. Nígbà tí wọ́n fi gbé Fúnmiláyọ̀ wá sí ọsibítù, jẹjẹrẹ ọ̀hún ti wọ egungun ẹ̀yìn, ó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní òun fẹ́ rí dókítà tó wo àyẹ̀wò òun. Wọ́n sọ fún un pé a kì í wá sí wọ́ọ̀dù. Ó tún bẹ̀ wọ́n. Mo lọ.

Ó ti gbẹ, ojú nìkan ló kù lójú ẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, kí n má purọ́, mo fẹ́ kó bú mi. Ó na ọwọ́ sí mi dípò ẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí wọ́n kánjú gé mi," ló wí. "Ọmọ mi mu ọmú yẹn títí di Ọdún Àjíǹde. Ẹ ṣé o, Mà."

Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ohun kan ṣoṣo ló ń ṣe òun ní kàyéfì: kí ni mo rí lọ́jọ́ yẹn tí mo fi ní kí wọ́n dúró? Ọkọ ẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń wò mí. Mo ní kó sinmi ná, màá padà wá lọ́la sọ fún un. Lọ́jọ́ kejì mo jókòó sínú ọkọ̀ mi nínú ọgbà ọsibítù títí ilẹ̀ fi ṣú, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀. Ó kú lọ́jọ́ kẹta.

Ohun tí mo ń sọ fún yín rèé, pàápàá ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni wọ́n fi ń ṣe ìdájọ́ èèyàn. Bí nǹkan kan bá wá jókòó tì yín, tó ń sọ ohun tí ojú yín ò rí, ẹ má dá a lóhùn. Ì báà dárúkọ ara ẹ̀, kí orúkọ ọ̀hún sì wà nínú ìwé. Ì báà máa bẹ̀bẹ̀. Àánú ni yóò fi mú yín, kì í ṣe ẹ̀rù, ibẹ̀ ni mo ti kó sí i.

Mo ṣì ń lọ síbi iṣẹ́. Bí àwọn yòókù bá ti lọ kírun lọ́jọ́ Ẹtì, tí kọ́rídọ̀ dákẹ́, mi ò wo àga tó wà lọ́hùn-ún yẹn. Kì í ṣe Rísíkátù ni mò ń sá fún. Fúnmiláyọ̀ bi mí ní ìbéèrè, mo sì ní màá padà wá dáhùn. Ó mọ̀ mí lójú báyìí, ó sì lè béèrè ọ́fíìsì mi.